Kí Oúnjẹ Dé Kí Ọdún Tó Dé: Ìrírí Mi Nígbà Kòrónà ní Ìjẹ̀bú

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ Ìjẹ̀bú jókòó sílé lọ́jọ́ ọdún, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n máa sè nínú ilé náà. Ọdún 2020 ló fi èyí yé mi. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìlera alábọ́dé tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, ìtọ́jú aboyún, ibà, ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru: iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ojú wa ni àdúgbò mọ̀ jù lọ. Torí náà, nígbà tí káńsù ń wá ẹni tó máa bá wọn gbé oúnjẹ dé ilé àwọn tí kò ní, àwa ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Bí mo ṣe di ara ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ nìyẹn.

Ìpínlẹ̀ Ògùn tètè rí àrùn yìí. Ará Ítálì tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní i ní Nàìjíríà, Èwékorò ló wà nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ní òpin oṣù Kejì ọdún 2020. Síbẹ̀, lọ́dọ̀ wa, àrùn àwọn olówó tó ń wọ bàálù làwọn èèyàn ń pè é. Ó di 29 oṣù Kẹta kí Ààrẹ Buhari tó kéde òfin kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún bẹ̀bẹ̀ pé kí tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 3 oṣù Kẹrin, kí aráàlú lè ráyè ra oúnjẹ sílé. Mo rí bí kálukú ṣe lo àwọn ọjọ́ náà. Ẹni tó ní owó ní báńkì gbé àpò ìrẹsì, àpò gàrí àti kéègì òróró wọlé. Àmọ́ ọlọ́kadà, onídìrí, alágbàṣe tó ń gbé búlọ́ọ̀kù, obìnrin tó ń ta èkuru láàárọ̀, àwọn tó ń jẹun nínú ohun tí wọ́n bá rí lójúmọ́, gàrí kóńgò méjì ni wọ́n rà, wọ́n sì ń wojú Ọlọ́run.

Ọdún sì wá ń já lu òfin yìí léraléra. Ọjọ́ Ẹtì Rere bọ́ sí 10 oṣù Kẹrin, Àjíǹde bọ́ sí 12. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé Àjíǹde gan-an, ní wákàtí tí àwọn ọmọ ìjọ ì bá ti máa ti òde Gálílì bọ̀, ni Ààrẹ tún fi ọjọ́ mẹ́rìnlá kún èyí tó wà nílẹ̀. Kí ìyẹn tó pé, ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti bẹ̀rẹ̀ ní 24 oṣù Kẹrin. Ìtúnu Ààwẹ̀ dé ní 24 oṣù Karùn-ún, Iléyá dé ní 31 oṣù Keje. Lọ́dọ̀ wa, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń jẹ́ Sámúẹ́lì tí àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Síkírù, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọdún wọ̀nyí tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tó kan àdúgbò wa kò dé kí Àjíǹde tó dé. Ẹ̀yìn ọdún ló dé. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi ti ṣẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni títì ti dá páropáro. Àwọn èèyàn pa òfin mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìnkùlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn obìnrin ti kó ata, ẹja sísun àti ewùrà sí ojú ọ̀nà tóóró kan tó fara pa mọ́ fún títì. Èrò pọ̀ níbẹ̀ débi pé èjìká ń kan èjìká, kò sí ìbòmú, afẹ́fẹ́ kò sì ráyè kọjá. Ọlọ́pàá lé wọn, wọ́n tú ká. Ọlọ́pàá lọ, wọ́n padà. Nígbà tí mo dúró láti bá wọn sọ̀rọ̀, obìnrin kan tó máa ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ wa dá mi lóhùn. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ló wà nílé, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀la lọdún. Ṣé kí n sọ fún wọn pé Jésù kò jíǹde lọ́dún yìí ni?"

Mi ò rí èsì fún un. Nínú ìgbìmọ̀, àwọn kan ń sọ pé olóríkunkun ni àwọn ará ìlú wa. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mi ò sì tíì gbà títí dòní. Àwọn èèyàn kan náà tó jókòó pẹ̀lú gàrí láti ọjọ́ tí òfin ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n jáde lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ọdún pé. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ebi ọjọ́ ọdún sì le ju ti ojoojúmọ́ lọ, torí ojú àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Bí ìrẹsì tó dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bá ti dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ṣáájú ọdún, mo dá ara mi lójú pé púpọ̀ nínú wọn ò ní jáde.

Nígbà tí ọkọ̀ oúnjẹ wá dé, ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ tún di ìjà. Ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú wọ́ọ̀dù ni èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá ti wá. Orúkọ àwọn tó ń gbé Èkó wà níbẹ̀. Orúkọ opó tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìlera wa kò sí. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé ilé ni wọ́n kà: ilé kan, àpò kékeré kan. Ẹni tó bá mọ agboolé Ìjẹ̀bú mọ̀ pé orúkọ kan ni ilé ń jẹ́, àmọ́ àwọn tó ń dáná níbẹ̀ lè tó mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìyàwó àgbà ń dáná tirẹ̀, ọmọkùnrin tó ti fẹ́yàwó ń dáná tirẹ̀, ará Àgátù tó yá yàrá kan tó ń bá wọn ro oko ń dáná tirẹ̀, ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú ń dá sè lẹ́yìnkùlé. Ìrẹsì kóńgò mẹ́ta tí wọ́n gbé fún baálé lẹ́nu ọ̀nà kì í rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó yẹn.

Ìyálọ́jà wa ló là á yé káńsù. Kò pẹ́ níléèwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ẹni tó jẹun àná àti ẹni tí kò jẹ nínú ìlú náà tó o. Ó dìde ní ìpàdé, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní, "Alága, ẹ má ka òrùlé mọ́. Ẹ ka ààrò."

A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ààrò. Ibi tí ilé ìlera ti wúlò nìyẹn, mi ò sì rò pé káńsù mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún la ti ń rìn láti ojúlé dé ojúlé kán àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sẹ́nu àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. A máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri, a máa ń kọ iye ọmọ tó wà nínú ilé, a sì ní máàpù wọ́ọ̀dù tí a fọwọ́ yà, tí a fi igi ìrókò, mọ́ṣáláṣí, ilé ọtí àti kànga júwe ọ̀nà nínú rẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2020 yìí kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ojúlówó kòkòrò àrùn náà ti kúrò ní Áfíríkà. Ìròyìn Kòrónà bò ó mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tilẹ̀ gbọ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n lè mọ ohun tí ìrìn ẹsẹ̀ ti ṣe.

A kó máàpù náà jáde. A kó ìwé àwọn aboyún jáde, ti abẹ́rẹ́ ọmọdé, ti àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Lémọ́mù mú orúkọ àwọn tí mọ́ṣáláṣí máa ń fún ní sàká wá. Ìyá ìjọ mú ti àwọn opó wá. Ìyálọ́jà ka àwọn tí ọjà wọn ti wó fún wa láì jẹ́ kí àwọn onítọ̀hún mọ̀ pé òun dárúkọ wọn. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ìlera la jókòó sí, a fi àyè gbà láàárín àga kan sí èkejì, a ń to orúkọ ní ojúlé-ojúlé, ààrò-ààrò. Ibi tí ẹnu wa kò bá ti kò, ẹnì kan máa dìde lọ wò ó.

Ìtúnu Ààwẹ̀ la fi dán ètò náà wò. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí mo ti ń rí láti kékeré nílé àwọn ẹbí ìyá mi: sàká ìtúnu ààwẹ̀. Olórí ilé á wọn oúnjẹ, ẹ̀kún ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹrin fún orí kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ aláìní kí wọ́n tó kírun ọdún. Bó bá di ẹ̀yìn ìrun, sàárà lásán ni, kò jẹ́ sàká náà mọ́. Lémọ́mù ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ìgbìmọ̀: kí ẹnikẹ́ni má baà máa tọrọ jẹ lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn ń yọ̀. Mo wo Alága, Alága náà wò mí. Ohun tí a ń fà láàárín ara wa láti ìgbà Àjíǹde, àwọn baba wa ti ń ṣe é tipẹ́, wọ́n sì ti fi gbèdéke sí i.

Káńsù gbà pé kí ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí jáde nílé ìkẹ́rùsí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún. Sàká àwọn Mùsùlùmí dúró ní tirẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ kan tàbí méjì, gẹ́gẹ́ bí Lémọ́mù ṣe sọ. Ìwé orúkọ kan náà la lò fún méjèèjì, kí ẹnì kan má baà gbà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹlòmíràn máa wòran. Àwọn ọlọ́kadà tí iṣẹ́ wọn ti dúró ló gbé e káàkiri. Káńsù ra epo sí i fún wọn, ó sì fún wọn lówó iṣẹ́. Mo fẹ́ràn apá yìí gan-an, torí àwọn tí òfin gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn tún rí iṣẹ́ ṣe nínú òfin náà.

Kí n sọ ti ìtìjú, torí mo rí i pé àwọn tó ń ṣètò ìrànwọ́ kì í sábà kà á sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti ṣayẹyẹ rí, tó ti náwó fún onílù lójú agbo rí, kò ní tò sórí ìlà gba ìrẹsì níṣojú àwọn tó mọ̀ ọ́n, bí ebi tilẹ̀ ń gbé e lọ. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ládùúgbò wa. Òun ló kọ́ púpọ̀ nínú àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ ní ABD. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kì í dé déédéé, àwọn ọmọ tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ láti Èkó náà sì ti jókòó sílé láìsí owó oṣù. Nígbà ìpín àkọ́kọ́, gbangba ìta ni wọ́n ti pín in, wọ́n ń pe orúkọ, wọ́n sì ń ya fọ́tò. Bàbá yọjú lójú fèrèsé, ó wò ó díẹ̀, ó sì pa fèrèsé dé.

Nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dání, mo lọ kí i nírọ̀lẹ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ kúulé, Bàbá. Ara yín ni mo wá wò." Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga kọjá ààlà. Oògùn rẹ̀ ti tán tipẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo fún Bàbá ní oògùn tí mo mú dání, mo sì gbé àpò oúnjẹ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ní, "Bàbá, ti ọdún nìyí o." Onígbàgbọ́ ni. Ó bi mí pé, "Ọdún ta ni?" Mo ní, "Ọdún gbogbo wa ni, sà." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàdúrà fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Láti ọjọ́ yẹn la ti so oògùn mọ́ oúnjẹ. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn àgbà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ ti tán lọ́wọ́ wọn ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n jókòó tí wọn ò sọ̀rọ̀. Àwọn yẹn gan-an sì ni Kòrónà máa ń ṣe léṣe jù bó bá mú wọn. Nígbà tí a bá gbé oúnjẹ dé ààrò kan, a ó béèrè ọmọ tí àsìkò abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti tó, a ó béèrè aboyún, torí ẹ̀rù ilé ìlera ti ń ba àwọn ìyá. Wọ́n rò pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti máa kó àrùn náà. A ó dá ọjọ́ àti wákàtí fún wọn, kí wọ́n má baà pàdé èrò. Bí obìnrin bá rí i pé nọ́ọ̀sì tó gbé ìrẹsì wá ló tún ń pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ó máa ń wá.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìgbìmọ̀ rú. Mo dúró gbọn-in pé kí ẹnikẹ́ni má ya ojú ẹni tó ń gba oúnjẹ. Akápò káńsù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀: báwo lòun ṣe máa fi hàn pé oúnjẹ dé ọwọ́ aráàlú? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, torí oúnjẹ tí kò ní àkọsílẹ̀ kì í pẹ́ sọnù. Ohun tí a fi parí rẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀. Ẹni tó gbà á á tẹ̀ka tàbí kó fọwọ́ sí i, ẹni tó gbé e wá á fọwọ́ sí i, ẹni kẹta láti mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì á jẹ́rìí. Ìwé náà wà lọ́fíìsì fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀tọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Nígbà tí alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la ọdún lẹ́, mo gba ọ̀nà tóóró tí wọ́n ti ná ọjà lásìkò Àjíǹde kọjá. Èèyàn wà níbẹ̀, àmọ́ wọn ò pọ̀. Òótọ́ ni pé ìjọba ti ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ nígbà náà, ìyẹn náà ràn wá lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni ò lọ sí yídì. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ń ké kábárà, onílé kọ̀ọ̀kan kírun nínú ọgbà rẹ̀, òórùn ọbẹ̀ sì ń jáde láti àwọn ẹ̀yìnkùlé tí mo mọ̀ dájú pé kò sí ohun tí wọ́n sè níbẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde.

Láàárín Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá, àrùn náà wọ ilé kan nítòsí wa. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣàgámù àti ibùdó tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń tọ́jú àwọn tó bá ní i. Ṣàgámù ni wọ́n gbé baálé ilé náà lọ. Ambúláǹsì dé tariwo-tariwo, àwọn tó wọ aṣọ tó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀, gbogbo àdúgbò jáde wòran láti ọ̀ọ́kán. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ ta omi fún ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó tiẹ̀ jẹ wọ́n lówó kò fẹ́ lọ san án. A sì ti sọ fún òun àti àwọn ọmọ pé kí wọ́n má jáde fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, torí kòkòrò náà lè wà lára èèyàn tó bẹ́ẹ̀ kó tó fara hàn. Ta ló máa pọn omi fún wọn? Ta ló máa ra ata?

Àwọn wolé-wolé ló kọ́kọ́ ṣe bẹbẹ. Láti kékeré la ti mọ wolé-wolé sí ẹni tó ń wá wo àmù omi àti gọ́tà, tí àwọn ìyá wa ń sá fún. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ló ń gbé kéègì omi dé ẹnu géètì ilé náà láàárọ̀, tí wọ́n á dúró lókèèrè, tí wọ́n á béèrè bí ara ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni Ìyálọ́jà gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́, ó bo imú rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn gba àárín àdúgbò kọjá ní ọ̀sán gangan, ó gbé e sórí àga tí wọ́n gbé sí ìta, ó sún sẹ́yìn, ó sì kígbe kí ìyá náà: "Ìyàwó wa, ẹ kú ìnira o! Ọkọ wa á padà wálé láyọ̀ o!" Gbogbo òpópónà ló gbọ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ìrẹsì ti olùkọ́ àgbà yẹn, ìkọ̀kọ̀ ló yẹ ẹ́. Ìkíni ilé tí àìsàn wọ̀, gbangba ló gbọ́dọ̀ ti wáyé, kí ojú ti ẹni tó ń sá fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá. Ọkùnrin náà gbádùn, ó sì padà wálé.

Iléyá ní tirẹ̀ kó ìbànújẹ́ ńlá bá Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ayẹyẹ Ojúde Ọba, níwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, máa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, ìdílé àwọn Balógun máa ń gun ẹṣin wọlé pẹ̀lú ìlù àti ìbọn. Lọ́dún 2020, kò wáyé, 2 oṣù Kẹjọ sì kọjá bí ọjọ́ lásán. Ó di 2022 kó tó tún padà. Ẹni tó bá rò pé fàájì nìkan ló dúró kò mọ iye èèyàn tó ń jẹun ọdún kan láti inú ọjọ́ kan yẹn: aláṣọ-òkè, télọ̀, onílù, alásè, onídìrí, àwọn onílé ìtura, ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá. Télọ̀ kan tó ń ránṣọ fún ẹgbẹ́ régbérégbé ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lòun ti ń fojú sọ́nà fún iṣẹ́ náà.

Ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣèpàdé lórí fóònù. Wọ́n pinnu pé lára owó tí wọ́n ti dá fún aṣọ ẹgbẹ́, kí wọ́n fi san owó iṣẹ́ fún àwọn télọ̀ wọn láti rán ìbòmú aláǹkárá onípele méjì, kí wọ́n sì fi èyí tó kù ra oúnjẹ. Káńsù fi aṣọ kún un. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn télọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ wọn lọ́sẹ̀ Iléyá, tí ìbòmú sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ààrò tó wà nínú ìwé wa. Ẹran ìdá mẹ́ta-mẹ́ta tí àwọn Mùsùlùmí máa ń pín, ti ilé, ti ọ̀rẹ́ àti ẹbí, ti aláìní, a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí èrò kóra jọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa àgbò. Wọ́n kó ìdá ti aláìní fún àwọn ọlọ́kadà wa. Ẹran tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni, torí náà wọ́n ń sáré, a sì rí i pé ìwé tó wà létò máa ń mú kí ẹran dé kó tó bàjẹ́.

Oṣù Kejìlá kò lọ dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Àárẹ̀ ti mú gbogbo èèyàn. Àwọn ará Èkó àti àwọn tó ti òkè òkun dé rọ́ wálé, ìgbéyàwó pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbì kejì àrùn náà ti dé. Ní 21 oṣù náà, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n ti àwọn ilé ọtí àti ilé ijó, kí èrò ilé ìjọsìn má sì kọjá ìdajì. Lákòókò yìí, oúnjẹ kò sí nílé ìkẹ́rùsí mọ́, òfin nìkan ló kù. A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti ọṣẹ sí gáréèjì, kí àwọn tó ń wọlé lè fọwọ́. A lọ sí àwọn ààrò tí àwọn àgbà wà, a bẹ àwọn ọmọ wọn tó ń bọ̀ láti ìrìnàjò pé kí wọ́n wọ ìbòmú lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n jókòó síta gbangba kí wọn. Àwọn kan gbọ́. Nínú oṣù Kìíní, a lọ kí ilé ọ̀fọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára AstraZeneca gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà ní 2 oṣù Kẹta ọdún 2021, tó sì wá kan àwa náà lẹ́yìn náà, a kò jókòó wá orúkọ àwọn àgbà kiri. Ìwé ààrò wà nílẹ̀. Ahesọ pọ̀ lórí abẹ́rẹ́ náà, àwọn kan ní ó ń sọni di àgàn, àwọn kan ní ọjọ́ ikú ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ti gbé oúnjẹ àti oògùn dé ọ̀dọ̀ wọn jẹ́ kí a jókòó ṣàlàyé. Olùkọ́ àgbà wa gba tirẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìlera, ó ń ka ọ̀rọ̀ inú káàdì náà sókè fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá.

Mo ti kọ lẹ́tà sí káńsù wa lórí gbogbo èyí. Mo ní kí wọ́n gba ìwé ààrò náà bíi ti wọn, kí wọ́n máa tún un kọ lọ́dọọdún, torí èèyàn ń kú, èèyàn ń kó dé. Mo ní kí wọ́n ya owó oúnjẹ Àjíǹde, Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá àti Kérésìmesì sọ́tọ̀ nínú ìṣúná, yálà àjàkálẹ̀ àrùn wà tàbí kò sí, kí oúnjẹ náà sì jáde ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún. Mo ní kí oògùn àwọn àgbà máa bá a rìn. Ìyálọ́jà ti tẹ̀ka sí lẹ́tà náà, Lémọ́mù àti ìyá ìjọ ti fọwọ́ sí i. Ó wà lórí tábìlì Alága báyìí, a ó sì lọ gbọ́ èsì rẹ̀ kí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ tó wọlé.